Àìní, Ìtẹ̀léra àti Ìfaradà: Lórí Títò Iṣẹ́ Abẹ́lẹ̀ Linux Nígbà Tí Iná Bá Dé ní Bantè àti Savalou

Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, nígbà tí Arjan van de Ven àti Auke Kok fi han ìpàdé Linux Plumbers pé Eee PC kékeré lè jí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 5, ìṣẹ́jú-àáyá ni gbogbo wa fi ń wọn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń jí. Àpilẹ̀kọ Lennart Poettering ti ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2010, tí systemd, ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ Linux, ti inú rẹ̀ jáde, kò kúrò lójú ọ̀nà yẹn: kí iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tí yóò bẹ̀rẹ̀ má pọ̀, kí àwọn tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ gbéra pọ̀. N kò jiyàn pé ó yá. Irú ẹni tí wọ́n rò pé ó ń tan kọ̀ǹpútà ni mo bá wọn jiyàn lé lórí.

Nínú ìwé wọn, ẹnì kan ló jókòó, tó tẹ bọ́tìnnì, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì ti wà nílẹ̀ dè é. Ní Bantè àti Savalou, ní orílẹ̀-èdè Benin, iná tó lọ tó tún dé ló sábà máa ń tan ẹ̀rọ tí kò ní onduleur, àpótí bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró bí iná bá lọ. Bí iná bá ti dé, módẹ̀mù àti kọ̀ǹpútà gbéra ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. Kọ̀ǹpútà tó yára yóò jí tán nígbà tí módẹ̀mù ṣì ń wá ẹni tí yóò dá a lóhùn. Bí a bá ṣe mú kọ̀ǹpútà yára sí i ni yóò ṣe máa dé ibi tí kò sẹ́nì kankan. N kò rí ibi tí àwọn tó ń yin ìṣẹ́jú-àáyá 5 ti ka èyí sí.

Ìyàtọ̀ tí ó yẹ kí á dì mú nìyí. Nínú fáìlì tí a fi ń tò iṣẹ́ fún systemd, Requires àti Wants ń sọ ohun tí iṣẹ́ kan nílò. After ń sọ ẹni tó ń ṣáájú. Ọ̀kan kò bí èkejì. Bí mo bá kọ Requires láìkọ After, àwọn méjèèjì yóò gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo bá kọ After nìkan, iṣẹ́ mi yóò dúró de èkejì bí wọ́n bá pe èkejì náà; bí wọn kò bá pè é, yóò lọ ní tirẹ̀. Ẹni tó mọ ọdún iṣu Savalou, ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, kò ní pẹ́ lóye èyí. Iná ààrò ni iṣu mi nílò kó tó jinná. Kò nílò ètùtù kankan fún ìyẹn. Síbẹ̀ n kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan iṣu náà kí wọ́n tó ṣe ètùtù: àìní ni iná, ìtẹ̀léra ni ètùtù. SysV, ètò àtijọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, mọ ìtẹ̀léra nìkan: S20 ń ṣáájú S80, ẹnikẹ́ni kò béèrè ìdí. Required-Start tí Debian 6 gbára lé ní ọdún 2011 kó méjèèjì sínú gbólóhùn kan. Upstart ti Scott James Remnant, ní ọdún 2006, sọ ìṣẹ̀lẹ̀ di ohun tó ń pe iṣẹ́, àìní àti ìtẹ̀léra sì tún dàpọ̀ mọ́ra. Systemd ló yà wọ́n sọ́tọ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ̀tọ́ ni kí á fi ìyìn náà fún un.

Àmọ́ ìbátan kẹta wà tí kò rí orúkọ gbà nínú títò náà: ìfaradà, ìyẹn ohun tí iṣẹ́ yóò ṣe bí ohun tó nílò bá pẹ́ dé, tàbí tó dé tó tún lọ. Systemd-networkd-wait-online, iṣẹ́ tó ń ṣọ́ ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì yóò dé, yóò dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 120, lẹ́yìn náà ó gbà pé ó ti kùnà, àwọn tó wà lẹ́yìn network-online.target sì ń bá tiwọn lọ. Módẹ̀mù tó gbéra dáadáa ní ìṣẹ́jú kẹta kò bá ẹni tó ń retí rẹ̀ mọ́. Lóòótọ́, àwọn tó kọ systemd fúnra wọn gbani nímọ̀ràn pé kí iṣẹ́ kọ́ láti fara da íntánẹ́ẹ̀tì tó ń lọ tó ń bọ̀. Bóyá mo ń le mọ́ wọn jù. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n socket tí wọ́n rí lára launchd ti ọdún 2005, tí kernel fi ń gba ọ̀rọ̀ tó ń wọlé pa mọ́ títí iṣẹ́ tó ni ín yóò fi jí, láàárín iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà kan náà ni ó ti gbayì jù. Módẹ̀mù wà lẹ́yìn ògiri. Kò ní socket tí a lè bá a dì mú.

Aago tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Raspberry Pi tó ṣáájú Pi 5 kò ní aago tirẹ̀ nínú. Systemd-timesyncd ń kọ àkókò tó mọ̀ kẹ́yìn sílẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ tí iná kú mọ́ lálẹ́ yóò jí láàárọ̀ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé alẹ́ ṣì ni. Kí aago tó tọ́, ó ní láti rí orúkọ NTP, ẹ̀rọ tó ń sọ àkókò fún un láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí DNSSEC, tó ń yẹ orúkọ wò, bá sì le, orúkọ kò ní fìdí múlẹ̀ tí aago kò bá tọ́. Bí systemd bá rí irú òbìrípo bẹ́ẹ̀ nínú After tí a kọ, yóò pa iṣẹ́ kan rẹ́ kó lè já a. Ṣùgbọ́n òbìrípo ti aago àti orúkọ yìí kò sí nínú ohun tí ẹnikẹ́ni kọ, kò sì sí títò kankan tó lè yanjú rẹ̀. Àfi kí a fún NTP ní àdírẹ́sì onínọ́mbà, kí ó bẹ̀rẹ̀ láìní orúkọ.



Mo tilẹ̀ ń rò pé àríyànjiyàn Debian ní ọdún 2014 lórí ta ni yóò jẹ́ PID 1, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí kernel ń jí, ìbéèrè kékeré ni ó fi bo ńlá mọ́lẹ̀: báwo ni iṣẹ́ yóò ṣe fara da ohun tó pẹ́ dé? Ẹ wo Restart=on-failure, tó ń sọ pé kí systemd tún iṣẹ́ tó bá kùnà bẹ̀rẹ̀. Bí a kò bá yí nǹkan kan padà, RestartSec jẹ́ mílísẹ́kọ́ǹdù 100, ìgbà márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10 sì ni òpin ìgbìyànjú. Iṣẹ́ tó bá ń yára kùnà yóò lo márààrún tán kí ìṣẹ́jú-àáyá kan tó pé, systemd yóò sì fi í sílẹ̀ kí módẹ̀mù tó tan iná àkọ́kọ́ rẹ̀. Bí RestartSec bá di ìṣẹ́jú-àáyá 30, òpin yẹn kò lè bá a mọ́, iṣẹ́ náà yóò sì máa gbìyànjú títí módẹ̀mù yóò fi dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀sán ni.