Georg Ohm àti Òṣùwọ̀n Iná Mànàmáná

Ìbéèrè tí a gbé kalẹ̀ fún ìjíròrò wa ni èyí: báwo ni ọmọ aráyé ṣe mọ bí a ti í wọn ohun tí a kò lè fi ojú rí? Lónìí, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama a máa ṣírò iná mànàmáná lórí pátákó láìjanpata. Ṣùgbọ́n kí ìṣirò náà tó dé orí pátákó, ó ná ẹnìkan ní iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

Georg Simon Ohm ni orúkọ ẹni náà. Ìlú Erlangen ní ilẹ̀ Jámánì ni a bí i sí, ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1789. Alágbẹ̀dẹ tí ń rọ ágádágodo ni bàbá rẹ̀. Bàbá yìí fúnra rẹ̀ kọ́ ara rẹ̀ ní ìṣirò, ó sì fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ohm di olùkọ́; ní ọdún 1817 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Cologne, níbi tí ó ti rí ohun èlò fún ìdánwò.

Nígbà náà, Alessandro Volta ti ṣe bátìrì ní ọdún 1800. Hans Christian Oersted sì ti fi hàn ní ọdún 1820 pé wáyà tí iná ń gbà kọjá a máa yí abẹ́rẹ́ òòfà. Ohun tí ń ti iná wà. Ohun tí a lè fi wọn ìṣàn rẹ̀ wà pẹ̀lú. Ohun tí ó ṣókùnkùn ni bí èkínní ṣe tan mọ́ èkejì.

Ní ọdún 1825, Ohm tẹ àbájáde ìdánwò rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n òfin tí ó fà yọ nínú rẹ̀ kò tọ̀nà. Kí ni ó fà á? Bátìrì ìgbà náà kì í dúró sójú kan. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni agbára rẹ̀ ń rẹ̀yìn. Bí òṣùwọ̀n bá ń sún kì, ta ni yóò gba ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́? Johann Poggendorff wá gbà á níyànjú pé kí ó lo irin oríṣi méjì tí a so pọ̀. Ohm so bismuth mọ́ bàbà. Ó fi ojú ìsopọ̀ kan sínú omi híhó, ó fi èkejì sínú yìnyín. Bí ooru àti òtútù náà ti dúró sójú kan, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí ń ti iná dúró. Ó fi wáyà bàbà mẹ́jọ tí gígùn wọn yàtọ̀ síra dán an wò, ó sì rí i pé bí wáyà bá ti ń gùn sí i ni ìṣàn iná ń dín kù, ní ìwọ̀n tí ìṣirò lè sọ tẹ́lẹ̀.

Èyí ni òfin náà: bí a bá fi ìṣàn pín agbára tí ń ti iná, a ó rí ìdènà. Ẹ jẹ́ kí á mú áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ ṣe àpẹẹrẹ. Bí fólítì 230 bá ń tì í, tí ó sì ń fa áńpíà 5, ẹ fi 5 pín 230: ìdènà rẹ̀ jẹ́ óòmù 46. Bí ẹ bá sì sọ 230 di ìlọ́po 5, ẹ ó rí wáàtì 1,150, èyí tí í ṣe agbára tí ó ń lò.

Ní ọdún 1827, Ohm kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé kan ní Berlin. Àwọn àgbà wa ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Ìwé náà kò mú ipò tí ó ń retí ní yunifásítì wá. Àwọn kan tilẹ̀ bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ní ọdún 1828, ó fi iṣẹ́ Cologne sílẹ̀. Ó di ọdún 1833 kí ó tó rí iṣẹ́ olùkọ́ gidi, ní Nuremberg.

Òkèèrè ni iyì rẹ̀ ti wá. Ní ọdún 1841, ẹgbẹ́ Royal Society ní London fi àmì-ẹ̀yẹ Copley dá a lọ́lá. Ọdún yìí kan náà ni James Joule, ará Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ ẹ́ jáde pé ooru inú wáyà ń tẹ̀lé ìṣàn tí a sọ di ìlọ́po ara rẹ̀. Ẹ fiyè sí èyí. Bí ìdènà wáyà kan bá jẹ́ óòmù 0.2, áńpíà 5 yóò fi wáàtì 5 mú un gbóná. Áńpíà 10 yóò fi wáàtì 20. Ìṣàn di ìlọ́po méjì, ooru di ìlọ́po mẹ́rin! Ẹni tí ó bá ń ki ohun èlò lé ohun èlò lórí wáyà tín-ínrín kan ṣoṣo nínú ilé rẹ̀, òfin yìí ni ó ń bá wọ̀jà, àtubọ̀tán rẹ̀ sì lè jẹ́ ilé tí ó jóná.

Ọdún 1852 ni Ohm tó di ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà ní yunifásítì Munich. Ní ọdún 1854 ó kú. Ní ọdún 1881, àwọn onímọ̀ iná láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Paris, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ òṣùwọ̀n ìdènà.

Lójú tèmi, ohun tí ó yẹ kí á yìn jù lọ ni ohun tí ó ṣe lẹ́yìn àṣìṣe ọdún 1825: kò gbèjà àṣìṣe náà, òṣùwọ̀n rẹ̀ ni ó lọ tún ṣe. Ọ̀rọ̀ kàn yín, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìjíròrò yìí.