Kí ni à ń pè ní "company" gan-an?

Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù, Paparanda níbí ni mo jókòó sí. Tí ẹ bá ń gbọ́ ariwo ọ̀kadà lẹ́yìn ohùn mi, ẹ má bínú.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ tó wọlé lánàá, pé kí kálukú wa mú owó wá ká fi dá "company" sílẹ̀, ká lè máa ra ọjà tààrà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é. Gbogbo yín lẹ ń dáhùn pé "ó dáa, ó dáa". Èmi náà ò sọ pé kò dáa. Àmọ́ ká tó dìbò lọ́jọ́ Àìkú, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: kí ni kọ́ńpìnì? Torí pé ní ìlú tí a wà yìí, ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtàn, ìtàn náà ò sì kéré.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀. Látinú èdè Látìnì, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, ló ti wá. "Com" ni "pẹ̀lú", "panis" ni búrẹ́dì. Àwọn tó jọ ń jẹ búrẹ́dì kan náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òyìnbó fi lè sọ pé òun ń wá company, tó sì jẹ́ pé ẹni tó máa bá òun jókòó ló ń wá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n tún fi ń pe ọ̀wọ́ ọmọ ogun kan ní company. Ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí.

Àwa ní tiwa, nígbà tí a máa túmọ̀ rẹ̀, a pè é ní "ilé-iṣẹ́". Ṣé ẹ rí i? Ilé là ń wò, a ò wo àwọn tó ń jẹun nínú ilé. Tí a bá ti rí ilé alájà mẹ́ta tó ní gíláàsì, a ó ní kọ́ńpìnì ńlá nìyẹn. Ta ló ń jẹ búrẹ́dì ibẹ̀? A kì í bèèrè.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ lọ sétí odò. Ní 1879, George Goldie kó àwọn oníṣòwò òyìnbó tó ń bá ara wọn du epo pupa ní Odò Ọya jọ, ó sọ wọ́n di ẹyọ kan, United African Company. Ní 1882 wọ́n yí orúkọ sí National African Company. Ní oṣù Keje 1886, ìjọba Ọbabìnrin Victoria fún wọn ní ìwé àṣẹ, wọ́n di Royal Niger Company. Láti ìgbà yẹn, kọ́ńpìnì náà kì í ṣe oníṣòwò lásán mọ́. Ó ní ilé ẹjọ́, ó ní ọmọ ogun, ó ń gba owó ibodè, ó ní àsíá tirẹ̀. Asaba ni olú ibùjókòó rẹ̀, Lọ́kọ́ja níbí sì ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń pàgọ́ sí. Láti ìlú yìí ni wọ́n ti gbéra lọ bá Bídà jà ní oṣù Kìíní 1897, kí wọ́n tó kọjá sí Ìlọrin ní oṣù Kejì.

Báwo ló ṣe gba ilẹ̀? Ìwé ni. Wọ́n ti tẹ ìwé àdéhùn sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ ìlú àti orúkọ ọba. Ọba tí ò mọ̀wé á fàmì sí i. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé náà, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọba ti fi gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ lé Kọ́ńpìnì lọ́wọ́ títí láé. Mo máa ń rò ó: kí ni ògbufọ̀ pe "company" létí ọba? Tó bá pè é ní "àwọn oníṣòwò", ọba á rò pé oníbàárà òun ni. Tó bá pè é ní "ẹgbẹ́", ọba á rò pé òun náà ti wọ ẹgbẹ́, pé wọ́n á jọ máa jẹun ni.

Àwọn ará Nembe, tí òyìnbó ń pè ní Brass, fojú winá rẹ̀. Oníṣòwò bíi tiwa ni wọ́n. Láti ayé bàbá wọn ni wọ́n ti ń tukọ̀ gòkè odò lọ ra epo. Kọ́ńpìnì ní àjèjì ni wọ́n lórí ilẹ̀ òun, wọ́n gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì, kí wọ́n sì san owó ibodè. Àjèjì ní ọjà bàbá wọn! Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 1895, Ọba Koko kó àwọn èèyàn rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n kọlu ibùdó Kọ́ńpìnì ní Akassa. Ní oṣù Kejì, ọmọ ogun ojú omi òyìnbó wá jó Nembe. Ọ̀rọ̀ ọjà ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ o.

Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1900, Lọ́kọ́ja níbí ni wọ́n ti sọ àsíá Kọ́ńpìnì kalẹ̀, tí wọ́n fa ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè, Lugard sì gba àkóso Àríwá. Ìjọba san £865,000 fún Kọ́ńpìnì. Ta lowó náà lọ bá? Àwọn onípìn-ín lókè òkun ni, kì í ṣe àwọn ọba tó fàmì síwèé. Ní 1920, Lever Brothers ra Niger Company. Ní 1929 wọ́n dà á pọ̀ mọ́ òmíràn, ó di United Africa Company, UAC tí àwọn bàbá wa mọ̀.

Ẹ má sọ pé ayé àtijọ́ nìyẹn. Ẹ gbọ́ tèmi. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń ta ìrẹsì àti ṣúgà níjọ́sí. A tẹ ìwé risíìtì, a kọ "and Company" sẹ́yìn orúkọ wa. Ó wù wá, ó dà bíi pé a ti di ńlá. A gba ọjà àwìn, a kó o sí stọ́ọ̀ létí odò. Omi 2012 dé, ó gbé gbogbo rẹ̀. Nígbà tí olówó dé, mo ní kọ́ńpìnì ló jẹ gbèsè, kì í ṣe èmi. Lọ́yà tí mo lọ bá rẹ́rìn-ín. Ó ní orúkọ òwò lásán la fi ń ṣeré, pé òfin ka èmi àti ọ̀rẹ́ mi sí gbèsè náà tán pátápátá. Ilẹ̀ tí mo rà sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo fẹ́ fi kọ́lé fún ìyá mi, òun ni mo tà san án. Ìyá mi kú sílé àyágbé.

Ohun tí mo fowó olówó iyebíye kọ́ rèé. Kọ́ńpìnì tí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, tó ní "Limited" lẹ́yìn, ènìyàn lọ̀tọ̀ ni lójú òfin. Ìtumọ̀ "Limited" ni pé gbèsè lópin: owó ìpín tí o dá ló lè bá a lọ, wọn ò ní wá tilẹ̀kùn ilé rẹ, àfi tí ìwọ fúnra rẹ bá lọ ṣe onídùúró. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n nínú kọ́ńpìnì, owó ló ń dìbò. Ẹni tó ní ìpín ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tó bá wí labẹ gé. Láti 2020, òfin tilẹ̀ gba kí ẹnì kan ṣoṣo dá kọ́ńpìnì aládàáni sílẹ̀. Ẹni tó ń dá búrẹ́dì jẹ náà ti ń jẹ́ "company"! Kọ́ńpìnì aládàáni ò sì gbọdọ̀ ní ju àádọ́ta onípìn-ín lọ. Àwa tí a wà lórí ẹgbẹ́ yìí lé ní ọgọ́rin. Ta la máa yọ? Ṣé ìyá tó ń ta ata ni?

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ní ọ̀rọ̀ tiwa tẹ́lẹ̀: alájẹṣẹ́kù. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa. Ẹni tó jẹ, tó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ lòun náà, bíi ti Látìnì. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹnì kan, ìbò kan ni. Yálà mílíọ̀nù lo mú wá tàbí ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Òfin mọ̀ ọ́n, ìjọba ìpínlẹ̀ ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ má dá kọ́ńpìnì. Àmọ́ lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ síwèé, kó béèrè nǹkan mẹ́ta: ta ló ń jẹ níbẹ̀? Ta ló ń dìbò? Tí omi bá tún dé, ta ló máa san gbèsè? Tí ẹni tó mú ìwé wá ò bá lè fi Yorùbá dáhùn kí ìyá aláta gbọ́ ọ yé, ẹ jẹ́ kó kó ìwé rẹ̀ padà. Àwọn àgbà ní àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní.

Ó dàárọ̀ o. Ọjà á tà lọ́la.