Àṣejù: Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wáyé àti ohun tó túmọ̀ sí

Àṣejù ni ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà fi ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kọjá ààyè rẹ̀. Wọ́n ń lò ó nílé, wọ́n ń lò ó lọ́jà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ju ìbáwí lọ.

Lọ́dún 1975, Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n sọ di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ́dún 1987, tẹ ìwé kan jáde lórí lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá. Nínú ìwé náà ni Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé pé láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe 'wà' ni 'ìwà' ti wá, lẹ́yìn tí a fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 'ì' kún un. Ọ̀nà tó fara jọ èyí ni àṣejù gbà wáyé: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 'à', ọ̀rọ̀-ìṣe 'ṣe', àti 'jù', tó ń fi hàn pé nǹkan kan ta òmíràn yọ. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe rí àjẹjù, àmujù, àlòjù àti àpọ̀jù. Ọmọ ìyá wọn ni àṣetẹ́: à, ṣe, tẹ́. Ìdí nìyí tí òwe 'Àṣejù ni baba àṣetẹ́' fi dùn létí. Sílébù ìkẹyìn nìkan ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀.

'Jù' gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá ní, 'Adé ga ju Òjó lọ,' a kò bú Adé, a kàn fi í wé Òjó ni. Níbẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí 'jù' ti di ohùn àárín, nítorí pé àbọ̀ tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n nínú àṣejù, kò sí àbọ̀ kankan. Ọ̀rọ̀ náà sọ pé ohun tí a ṣe ti kọjá ààlà, kò sì sọ ibi tí ààlà náà wà. Ẹni tó ń gbọ́ ọ ni yóò fi òye gbé e.

Níbi tí òye bá ti yàtọ̀ síra, ewu lè wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá sọ fún aláìsàn pé, 'Má lo òògùn yìí jù,' ìkìlọ̀ náà kò tíì pé. Bí àpẹẹrẹ, òṣùwọ̀n paracetamol oní-500 mílígíráàmù fún àgbàlagbà ni pé kò gbọ́dọ̀ lò ju ẹyọ 8 lọ láàárín wákàtí 24. Àlòjù rẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni paracetamol kan náà sì wà nínú ọ̀pọ̀ òògùn òtútù. 'Má lò ju ẹyọ 8 lọ' ni ìkìlọ̀ tó lè gba ẹ̀mí là.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ìtọ́jú ọmọ. Ọmọ tí a ń pè ní aláṣejù lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni kò fi ààlà hàn, yóò mọ̀ pé inú ń bí wọn sí òun, ṣùgbọ́n kò ní mọ ibi tó yẹ kí òun ti dúró.

Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni Yorùbá fi dojú kọ àṣejù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni 'wọ̀n' jẹyọ nínú ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ni pé a wọ̀n ọ́n, a sì tún un wọ̀n. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ pe ẹlòmíì ní aláṣejù kọ́kọ́ sọ ìwọ̀n tí onítọ̀hún kọjá.