Arbroath: Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù tó Múlẹ̀ Létí Òkun

Ní agbègbè Angus, ní etí òkun ìlà-oòrùn ilẹ̀ Scotland, ni ìlú Arbroath wà. Ìlú náà kò tóbi. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju bíi 24,000 lọ. Àmọ́ ìlú tó ní ìtàn ni. Ọba William tí wọ́n ń pè ní Kìnnìún dá ilé àwọn mọ́ńkì sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1178, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí. Ọ̀dọ̀ àwọn mọ́ńkì náà ni lẹ́tà olókìkí kan ti jáde lọ bá Póòpù ní ọdún 1320, tí àwọn ìjòyè Scotland fi sọ pé àwọn kò ní sìn lábẹ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹja pípa àti aṣọ ìgbòkun híhun ni iṣẹ́ tó sọ ìlú náà di ńlá. Títí di òní, bí a bá dárúkọ Arbroath, ẹja tí wọ́n so ní méjì-méjì tí wọ́n sì fi èéfín igi yan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa kọ́kọ́ rántí. Ohun kejì tí wọn yóò rántí ni bọ́ọ̀lù.

Ọdún 1878 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Arbroath sílẹ̀, ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn tí àjọ bọ́ọ̀lù Scotland bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń pè wọ́n ní Red Lichties, nítorí iná pupa tó máa ń tọ́ ọkọ̀ àwọn apẹja wọ èbúté lóru. Ní ọdún 1880 ni wọ́n kó lọ sí pápá Gayfield, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí di òní. Ní 1925 wọ́n sún ojú pápá náà díẹ̀, wọ́n sì tún un kọ́, ṣùgbọ́n wọn kò kúrò létí òkun. Ògiri pápá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Bí ìjì bá ń jà, ìgbì Òkun Àríwá a máa fò wọlé bá àwọn òǹwòran, bọ́ọ̀lù tí aṣọ́lé bá gbá sókè a sì máa padà wá bá a. Àlejò tó bá wá díje níbẹ̀ nígbà òtútù mọ̀ pé atẹ́gùn náà yóò bá òun ta kàn-ǹ-gbọ̀n.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn ẹgbẹ́ ńlá lẹ́nu. Nínú ìdíje Scottish Cup ti sáà 1884 sí 1885, wọ́n na Rangers ti Glasgow ní góòlù 4 sí 3. Rangers fi ẹjọ́ sùn pé pápá náà kò fẹ̀ tó. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó sì fi ínǹṣì 11 dín sí ohun tí òfin sọ. Wọ́n tún ìdíje náà gbá, Rangers sì gbẹ̀san pẹ̀lú 8 sí 1.

Ọjọ́ tó gbé orúkọ Arbroath káàkiri ayé ni 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1885. Ẹgbẹ́ Bon Accord láti Aberdeen ló wá bá wọn díje ní Gayfield nínú ìpele kìíní Scottish Cup. Kí wọ́n tó lọ sinmi, góòlù 15 ti wọlé. Nígbà tí wọ́n padà dé, 21 mìíràn tún wọlé: 36 sí òdo. Jocky Petrie, ọmọ ọdún 18, nìkan ló gbá 13 wọlé nínú rẹ̀. Aṣọ́lé Arbroath, Jim Milne, kò rí iṣẹ́ ṣe. Ìtàn sọ pé abẹ́ agboòrùn òǹwòran kan ló dúró sí, tó ń fa páìpù rẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an, ní Dundee tí kò jìnnà, Dundee Harp na Aberdeen Rovers ní 35 sí òdo, góòlù kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí wọ́n bá Arbroath dọ́gba. Kò tíì sí ẹgbẹ́ àgbà kankan ní Britain tó borí 36 yẹn. Ní 2002, ní Madagascar, AS Adema ní 149, ṣùgbọ́n alátakò wọn ló mọ̀ọ́mọ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù sí ilé ara wọn láti fi ẹ̀hónú hàn.

Arbroath náà ló tọ́ Ned Doig dàgbà, aṣọ́lé tó gbá bọ́ọ̀lù fún Scotland nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Sunderland, tó sì bá wọn gba ife líìgì Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ní 1921 ni Arbroath wọ líìgì Scotland. Ní 1935 wọ́n gòkè sí ìpele àkọ́kọ́, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí ogun fi dá bọ́ọ̀lù dúró ní 1939. Ní 1947 wọ́n dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá Scottish Cup, kí Aberdeen tó dá wọn dúró. Ní oṣù Kejì ọdún 1952, nígbà tí Rangers wá díje fún ife yìí kan náà, 13,510 òǹwòran ló kún Gayfield. Iye yẹn ni ó ga jù lọ títí di òní. Albert Henderson di kóòṣì wọn ní 1962, ó sì lo ọdún 18 nídìí iṣẹ́ náà. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tún gòkè sí ìpele àkọ́kọ́ ní 1968 àti ní 1972, lábẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n sì lọ na Rangers ní 3 sí 2 nínú ilé wọn ní Ibrox, ní oṣù Kejì ọdún 1974. Ní 1975 wọ́n já wálẹ̀, wọn kò sì tíì padà sí ìpele tó ga jù lọ láti ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Ní 2011, ọdún 133 lẹ́yìn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Arbroath gba ife líìgì àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn, ti Third Division, ìpele kẹrin. Bàbá kan kò gbé ayé tó bẹ́ẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò gbé tó bẹ́ẹ̀. Ìran kan ń fi àtìlẹ́yìn náà lé ìran mìíràn lọ́wọ́ láìrí ife líìgì kankan.

Ní 2016, Dick Campbell, kóòṣì onífìlà, gba iṣẹ́. Ní 2017 ó gba ife League Two, ìpele kẹrin, ní 2019 ó gba ti League One, ìpele kẹta. Lẹ́yìn náà ni sáà 2021 sí 2022 dé. Nínú ẹgbẹ́ mẹ́wàá tó wà ní Championship, ìpele kejì, Arbroath nìkan ni ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ní iṣẹ́ òòjọ́ mìíràn tí wọ́n ń jẹun nídìí rẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣe ìgbáradì ní ìrọ̀lẹ́. Síbẹ̀ àwọn ló léwájú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní 22 oṣù Kẹrin wọ́n lọ bá Kilmarnock nílé. Wọ́n kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé; bí eré ṣe ń parí lọ ni Kilmarnock gbá méjì, tí wọ́n sì fi ìyẹn gba ife. Pẹ́náritì ni Inverness fi lé Arbroath jáde nínú ìdíje àfikún tí ì bá gbé wọn gòkè. Ìgbéga náà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n gbogbo Scotland ló dìde kí wọn. Wọ́n já sí League One ní 2024. Nígbà tí yóò fi di 2025, wọ́n ti gba ife rẹ̀, wọ́n sì ti padà sókè.

Iye ife kọ́ ni a fi ń mọ iyì Arbroath, àní góòlù 36 náà kò tó o. Iyì wọn ni pé ìlú kékeré kan di ẹgbẹ́ rẹ̀ mú, nígbà tó wà lókè àti nígbà tó wà nílẹ̀, láìjẹ́ kí òkun tàbí òṣì lé e kúrò ní pápá tó ti wà láti 1880. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹgbẹ́ ní ìlú yín, ẹ máa lọ wò ó. Ẹ máa kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú.