Ẹ̀dà Àfọwọ́yà Àwọn Àwòrán Olókìkí

Ẹ̀dà àfọwọ́yà ni àwòrán tí ayàwòrán fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà olóróró yà sórí kánfáàsì kó lè jọ iṣẹ́ olókìkí tí ẹlòmíràn ti yà tẹ́lẹ̀. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Iṣẹ́ Vincent van Gogh, Paul Cézanne, Paul Gauguin àti Georges Seurat wà lára èyí tí àwọn oníbàárà ń béèrè jù. Post-Impressionist ni wọ́n ń pe ìran àwọn ayàwòrán yìí. Roger Fry, lámèyítọ́ ará Ìlú Ọba, ló sọ wọ́n lórúkọ náà nígbà tó kó iṣẹ́ wọn jọ fún ìpàtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1910. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú kí orúkọ náà tó dé.

Àwọn fúnra wọn ò ka ìdàyà sí ohun ìtìjú. Van Gogh ya òdòdó sunflower ní Arles ní oṣù Kẹjọ 1888. Nígbà tó di oṣù Kìíní 1889, ó tún jókòó, ó dà wọ́n yà. Nígbà tó wà ní ilé ìtọ́jú ní Saint-Rémy, ó mú àwòrán Jean-François Millet tí wọ́n tẹ̀ ní dúdú àti funfun, ó fi àwọ̀ tirẹ̀ sí i, ó sì fi ohun tó ń ṣe wé ti olórin tó ń lu orin tí ẹlòmíràn kọ sílẹ̀. Gauguin náà da àwòrán Olympia ti Manet yà ní 1891.

Nílẹ̀ wa, ìdàyà ni ayàwòrán Aina Onabolu fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni, 1882 ni wọ́n bí i. Láti kékeré ló ti ń wo àwòrán inú ìwé òyìnbó, tó ń yà á bó ṣe rí, láìsí olùkọ́. Nígbà tó fi máa di 1906, ó ti lè ya Ìyáàfin Spencer Savage, àwòrán tí àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí títí dòní. Ní 1920 ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà St John's Wood ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì tún dé Académie Julian ní Paris. Ibẹ̀ náà ni Paul Sérusier àti Pierre Bonnard, àwọn tó tẹ̀lé ìlànà Gauguin, ti kẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú rẹ̀. Kenneth Murray, olùkọ́ òyìnbó tó dé Nàìjíríà ní 1927, kò fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fara wé òyìnbó rárá. Iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ ló ní kí wọ́n dì mú. Onabolu ò gbà. Lójú tèmi, Onabolu ló jàre, torí ọwọ́ tí kò bá tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ya ojú àti òjìji, kò ní ohun tó máa fi bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti dúró wo oníṣẹ́ pátákó ní àdúgbò bíi Dópèmú, bó ṣe ń sọ fọ́tò kékeré di orí ńlá lára ògiri onígbàjámọ̀. Adàwòrán náà máa fi rúlà fa ìlà onígun mẹ́rin sórí fọ́tò, ó máa fa iye kan náà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ sórí kánfáàsì, á wá máa gbé ohun tó wà nínú igun kọ̀ọ̀kan síbi tirẹ̀. Èyí tó le ni ọ̀dà. Nínú The Starry Night ti Van Gogh, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 73.7 sí 92.1 lọ, ọ̀dà nípọn débi pé ipa búrọ́ọ̀ṣì ń yọ gọnbu. Ọ̀dà olóróró kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ. Afẹ́fẹ́ ló ń mú òróró inú rẹ̀ le díẹ̀díẹ̀, ibi tó bá nípọn sì lè gba oṣù mélòó kan. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń lo acrylic tó ń gbẹ lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n á sì ní olóróró ni.

Ayédèrú mìíràn tún wà: àwòrán tí ẹ̀rọ tẹ̀ sórí kánfáàsì, tí wọ́n wá fi jẹ́lì ra lórí kó lè dà bí ọwọ́ ènìyàn. Ẹ fi awò asọ-nǹkan-di-ńlá wò ó. Bí ẹ bá rí àwọn ẹ̀kán tíntìntín, tí ipa jẹ́lì kò sì bá ibi tí àwọ̀ ti yí padà mu, ẹ̀rọ ló ṣe é.

Ibi tí òwò yìí ti gbilẹ̀ jù ni Dafen, ní Shenzhen lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, níbi tí Huang Jiang, oníṣòwò àwòrán, tẹ̀dó sí ní 1989. Ilé Louvre ní Paris náà ń gba adàwòrán láyè, àmọ́ ẹ̀dà kò gbọdọ̀ bá ojúlówó dọ́gba ní ìwọ̀n, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ da orúkọ tí ọ̀gá fọwọ́ sí i kọ.

Ọ̀kan lára àwọn àwòrán tí a mọ̀ jù nínú ilé àwọn ènìyàn wa ni Tutu, tí ayàwòrán Ben Enwonwu fi ya Adétutù Adémilúyì, ọmọọba Ifẹ̀, nígbà mẹ́ta. Ọ̀kan tí wọ́n rí nínú fúláàtì kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni ilé gbàǹjo Bonhams tà ní oṣù Kejì 2018; owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 1.2 pọ́n-ùn. Òfin rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Van Gogh. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti Nàìjíríà, ti 2022, ń dáàbò bo iṣẹ́ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe é. Van Gogh kú ní 1890, ẹnikẹ́ni ló lè da tirẹ̀ yà kó sì tà á, bí kò bá ti pè é ní ojúlówó. Enwonwu kú ní 1994. Ẹni tó bá fẹ́ da Tutu yà fún títà ṣáájú ìparí 2064 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó jogún iṣẹ́ rẹ̀.