Ohun Tó Ń Jẹ Ẹ̀yìn Píkọ́ọ̀pù

Ẹni tó bá jáde ní pápákọ̀ òfurufú DFW, tó gba títì 114 wọ ìlú Grapevine ní ìpínlẹ̀ Texas, píkọ́ọ̀pù ni yóò kọ́kọ́ rí kó tó rí èso àjàrà tí wọ́n fi sọ ìlú náà lórúkọ. Wọ́n tò wọ́n lọ rẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ẹni to ìkòkò sílẹ̀ lọ́jà: funfun, dúdú, pupa, gbogbo wọn kọjú síta. Ọ̀kan nínú àwọn ilé-ìtajà ibẹ̀, Classic Chevrolet, ti wà fún ọ̀pọ̀ ọdún lára àwọn tó ń ta ọkọ̀ Chevrolet jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Kò yani lẹ́nu. Kò sí ìpínlẹ̀ tó ń ra píkọ́ọ̀pù tó Texas.

Bí oníbàárà bá ti yan ọkọ̀ tán, tó ná an tán, ìbéèrè kan ṣì kù: kí ni yóò tẹ́ sẹ́yìn rẹ̀? Ìdáhùn méjì ló wà. Ìkínní ni ike nínípọn tí wọ́n ti fi mọ́ọ̀dù ṣe bí ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe rí gẹ́lẹ́, tí wọ́n kàn ń gbé sínú rẹ̀ bí ẹni gbé abọ́ sínú abọ́. Ìkejì ni kẹ́míkà tí wọ́n ń fín bí ọ̀dà, tó ń gan mọ́ irin bí rọ́bà. Ẹ jẹ́ ká pe ti àkọ́kọ́ ní àgbésí, ká pe ìkejì ní àfínsí. Èwo ni àlòpẹ́ nínú àwọn méjèèjì? Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn onípíkọ́ọ̀pù ti ń bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀, ẹnu wọn ò sì tíì kò. Ìtàn ibi tí ìtẹ́lẹ̀ méjèèjì ti wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ìbéèrè náà tán.

Kí ike àti kẹ́míkà tó dé, pákó ló wà níbẹ̀.

Ìlú àgbẹ̀ ni Grapevine tẹ́lẹ̀. Ọdún 1844 ni àwọn aláwọ̀ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀dó síbẹ̀, nígbà tí Texas ṣì jẹ́ orílẹ̀-èdè tó dá dúró. Ọkọ̀ ojú irin dé ìlú náà lọ́dún 1888, òwú sì wà lára ohun tó ń kó lọ. Kẹ̀kẹ́ onípákó tí ẹṣin tàbí ìbaaka ń fà ló ń gbé òwú láti oko dé ìdí rélùwéè. Bí pákó ilẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá jẹrà, àgbẹ̀ á fa ìṣó yọ, á kan òmíràn sí i, ó parí.

Nígbà tí mọ́tò dé, àṣà yẹn ló bá a lọ. Láti ọdún 1914 ni ilé-iṣẹ́ Ford ti ń to ọkọ̀ Model T ní àdúgbò Deep Ellum ní Dallas, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ kékeré yẹn kẹ́rù á gé ẹ̀yìn rẹ̀ dànù, á ní kí káfíńtà kan àpótí sí i. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1925, Ford gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn káfíńtà: ó gbé Model T tó ti ní àpótí lẹ́yìn jáde láti ilé-iṣẹ́, ó ń tà á ní dọ́là 281. Síbẹ̀, pákó ò tètè lọ. Títí wọ àwọn ọdún 1980 ni Chevrolet ṣì ń fi pákó tẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn àwọn kan nínú píkọ́ọ̀pù rẹ̀, tó ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ há a láàárín kí ẹrù lè máa yọ̀ wọlé láìha pákó.

Ọmọ Yorùbá tó bá ti wọ bọ́lẹ̀kájà rí ti mọ ọ̀rọ̀ yìí. Òkè òkun ni ẹ́ńjìnnì àti férémù Bedford ti ń wá. Nílé níbí ni káfíńtà ti ń kan bọ́dì onípákó lé e, tí wọ́n á sì kọ àdúrà tàbí òwe sí iwájú rẹ̀. Àpò kòkó, iṣu, garawa epo, èrò ọjà àti ewúrẹ́ wọn, orí pákó kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó sí. Bí pákó kan bá dá, wọn kì í torí ẹ̀ sun ẹkún: pákó wà lọ́jà. Nígbà tó yá, tí Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù gbòde, iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ káfíńtà, ó bọ́ sọ́wọ́ wẹ́dà. Ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Pákó tó ń jẹrà máa ń sọ fún olówó rẹ̀: á máa ké, á máa rọ̀, á yọ ihò lójú gbogbo ayé. Irin kì í sọ nǹkan kan. Abẹ́ ọ̀dà ló ti ń dógùn-ún jẹ́jẹ́, ọjọ́ tó bá sì ṣí ojú síta, ó ti jẹ inú tán.

Ike tó kọ́kọ́ wá gba irin sílẹ̀ kì í ṣe àjèjì nílé ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 1953, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì kan, Karl Ziegler, rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ṣe polyethylene tó le, tó sì ki, láìlo agbára ìfúnpá ńlá; iṣẹ́ náà wà lára ohun tó mú kó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1963. Ike yìí ni wọ́n fi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń rọ epo pupa àti bẹntiróòlù sí. Ilé-iṣẹ́ Durakon ní ìlú Lapeer, ìpínlẹ̀ Michigan, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ìtẹ́lẹ̀ ọkọ̀, tí orúkọ ọjà rẹ̀, Duraliner, sì tàn káàkiri. Wọ́n á mú ike pẹlẹbẹ gbígbòòrò, wọ́n á yán an níná títí yóò fi rọ̀ bí àmàlà, wọ́n á tẹ́ ẹ lé mọ́ọ̀dù, wọ́n á sì fa afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ jáde kó lè lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá tutù, ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù kan ti délẹ̀.

Kí a má purọ́, ike náà lágbára. Òkúta tó bá já lù ú, yóò fò sókè, irin abẹ́ rẹ̀ kò ní mọ̀ rárá. Owó rẹ̀ kò pọ̀, èèyàn méjì sì lè gbé e wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó bá ń kó búlọ́ọ̀kù àti irin kọ́ńkéré lójoojúmọ́ kò ní rí ohun tó ń gba ìyà tó o.

Àmọ́ kò lẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, ike á máa gbọ̀n, yanrìn á yọ́ sábẹ́ rẹ̀, á sì di òkúta ìpọ́nrin tó ń ha ọ̀dà ara ọkọ̀ láràárọ̀. Omi òjò náà á gba etí wọlé, kò sì ní tètè rí ọ̀nà jáde. Ike tó wà lókè á máa dán, irin tó wà nísàlẹ̀ á máa jẹrà. Tí a bá rántí pé Michigan ni Durakon ti ń ṣe é, ọ̀rọ̀ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ pani lẹ́rìn-ín. Níbẹ̀, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, àní ibi ìwakùsà iyọ̀ wà lábẹ́ ìlú Detroit fúnra rẹ̀. Omi oníyọ̀ tó bá kó sábẹ́ ike, kò sí irin tó lè bá a ṣọ̀rẹ́.

Àléébù kejì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpẹtà, ọ̀rọ̀ iná ni. Ẹni tó bá ń bọ́ aṣọ ọ̀rá lálẹ́ ọyẹ́ ti gbọ́ ìró rẹ̀ rí: tàrà-tàrà, iná tíntìntín á ta. Irú iná bẹ́ẹ̀ máa ń kóra jọ sára agolo epo nígbà tí bẹntiróòlù bá ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Bí agolo bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, iná náà á bá ilẹ̀ lọ. Bó bá wà lórí ike lẹ́yìn ọkọ̀, kò ní ibi tó máa lọ àfi kó fò sára ẹnu páìpù. Lọ́dún 1998, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ìlera àwọn òṣìṣẹ́, NIOSH, ṣe ìkìlọ̀ lórí rẹ̀ lẹ́yìn tí iná ti sọ níbi tí àwọn èèyàn ti ń bu epo sí agolo lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe kò ṣòro: gbé agolo sọ̀kalẹ̀ kó o tó bu epo. Nílé wa tó jẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì kì í wọ́n ní ilé epo lọ́jọ́ tí epo bá wọ́n, ìkìlọ̀ náà ò tíì di ti àtijọ́.

Ìran àfínsí gùn ju ti àgbésí lọ. Jámánì kan náà ni gbòǹgbò rẹ̀ wà: Otto Bayer àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló ṣe polyurethane ní Leverkusen lọ́dún 1937. Lọ́dún 1988, ilé-iṣẹ́ Rhino Linings, tó ń ta àfínsí, bẹ̀rẹ̀ ní San Diego, ní California. Line-X tẹ̀ lé e lọ́dún 1993, ìpínlẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n Texas ní ìpín tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń ta ọkọ̀ ní Grapevine kì í sábà fi í yangàn. Ní Austin, tí kò ju ìrìn wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lọ sí Grapevine, ni Dudley Primeaux àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé-iṣẹ́ kẹ́míkà Texaco ti ṣe polyurea fífín ní àwọn ọdún 1980. Àbúrò polyurethane ni, ìwàǹwára tirẹ̀ ló kàn pọ̀: láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló ti gan.

Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni fífín náà. Wọ́n á fi ìwé ìyọ́gi ha ọ̀dà ẹ̀yìn ọkọ̀ títí dídán rẹ̀ á fi kú, wọ́n á nù ún mọ́, wọ́n á bo ibi tí kò yẹ kó kàn. Kẹ́míkà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á gbóná nínú ẹ̀rọ, wọ́n á gba páìpù tirẹ̀ tirẹ̀ wá, ẹnu ìbọn ìfín ni wọ́n ti ń pàdé. Nígbà tí wọ́n bá kanlẹ̀, wọ́n ti di ọ̀kan. Ohun tó kù lórí irin nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta, ó rí gbákugbàku, ẹrù kì í yọ̀ lórí rẹ̀, omi kò sì rí àyè kọjá sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Nissan gbé Titan jáde fún ọdún 2004, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló ń fín in kó tó dé ọjà. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Ẹni tó ń fín in ló ń san owó tí kò sí nínú rìsíìtì. Ọ̀kan nínú kẹ́míkà méjèèjì, isocyanate, lè fa àsìmà tí kì í lọ mọ́. Lọ́dún 2003, òṣìṣẹ́ kan tó ń fín ẹ̀yìn ọkọ̀ ní Michigan kú nígbà tí àsìmà gbé e. Lọ́dún 2006 ni NIOSH tẹ ìkìlọ̀ odindi kan jáde lórí iṣẹ́ yìí nìkan: ìbòmú lásán kò tó, afẹ́fẹ́ mímọ́ láti ìta ni kí wọ́n máa fi páìpù fà wá fún ẹni tó ń fín in. Ó yẹ kí ẹni tó bá rí ọmọkùnrin kan tó ń fín in ní ṣọ́ọ̀bù láìwọ ìbòjú kankan, tó kàn fi aṣọ dí imú, bá a sọ̀rọ̀.

Oòrùn náà kì í fi àfínsí sílẹ̀. Ní Grapevine, ìwọ̀n ooru lè kọjá 38 ní Celsius léraléra nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àfínsí dúdú tí owó rẹ̀ kò pọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, á di eléérú. Ẹ ò rí i pé ayé yí po: ìlú oníyọ̀ ló bí ìtẹ́lẹ̀ tí iyọ̀ ń bà jẹ́ lábẹ́, àwọn ìpínlẹ̀ olóòrùn ló bí èyí tí oòrùn ń bà jẹ́ lókè. Àmọ́ ìbàjẹ́ méjèèjì kò dọ́gba. Àwọ̀ ni oòrùn ń mú lọ, omi ń mú irin lọ.

Ohun kan wà tí àfínsí kò lè ṣe. Kò lè sọ irin rírọ̀ di líle. Lọ́dún 2015 ni Ford fi alumíníọ̀mù ṣe bọ́dì F-150. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Chevrolet polówó ọjà nípa dída búlọ́ọ̀kù tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 825 sẹ́yìn ọkọ̀ méjèèjì láti òkè. Ti Ford lu, tirẹ̀ kàn tẹ̀ ni. Ìpolówó ọjà ni o, àwọn tó ṣe é kò sì tẹ́ nǹkan kan sẹ́yìn ọkọ̀ kankan. Àfínsí ì bá má lè gba alumíníọ̀mù náà lọ́wọ́ irú ìyà bẹ́ẹ̀, nítorí ibi tí irin bá tẹ̀ sí lòun náà ń tẹ̀ sí. Àgbésí ì bá ràn án lọ́wọ́. Toyota ní tirẹ̀ ti yẹra fún àríyànjiyàn náà láti ọdún 2005, nígbà tó fi àdàpọ̀ ike àti okùn gíláàsì ṣe ẹ̀yìn Tacoma: ohun tí kì í dógùn-ún kò nílò ẹni tí yóò dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìdógùn-ún.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ ìtẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ là ń wò, àgbésí lè pẹ́ láyé ju ọkọ̀ tó gbé e lọ. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ là ń wò, àfínsí tí wọ́n ha irin rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó fín in ló borí, pàápàá fún ẹni tó fẹ́ lo ọkọ̀ rẹ̀ di ogún ọdún. Èyí tí wọn kò ha dáadáa yóò ṣí bí èèpo, yóò sì máa pa omi mọ́ra bíi ti ike.

Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù Texas kì í parí ayé wọn ní Texas. Wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń gúnlẹ̀ sí Èkó àti Kútọ̀nú, wọ́n ń di tòkúnbọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá lọ ra ọ̀kan, tí ẹ bá ike dúdú tó ń dán lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má tíì ka owó. Ẹ ní kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù tú ìdè rẹ̀, kó gbé e sókè pátápátá, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀ dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.