Wáyà Inú Ilé: Láti Asọ̀rọ̀mágbèsì Dé Ayélujára

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ á rántí pé mo máa ń sọ ọ́ ní kíláàsì pé tí ohun tuntun bá wọ ìlú, orúkọ tí àwọn ará ìlú fún un ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Orúkọ yẹn ni yóò sọ ohun tí ojú wọn rí fún yín. Ẹ mú asọ̀rọ̀mágbèsì. Rédíò la fi ń pè lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe rédíò tí à ń gbé kiri yìí ló kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà. Àpótí kan tó wà lẹ́nu wáyà, tí wọ́n kàn mọ́ ara ògiri yàrá, ló ni ín. Mo fẹ́ sọ ìtàn wáyà yẹn fún yín, kí n sì fi wé wáyà mìíràn tí ó yẹ kó wọ ilé wa ní Ìkirè àti Àpòmù báyìí, ìyẹn wáyà tó ń so kọ̀ǹpútà yàrá kan mọ́ ti yàrá kejì.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ Radio Distribution Service ní Èkó, lábẹ́ ẹ̀ka Posts and Telegraphs tó ń mójú tó lẹ́tà àti tẹlifóònù. Freetown ti ṣáájú wa ní 1934, Accra náà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1935. Nígbà tó di 1939 ó dé Ìbàdàn, ó sì dé Kano ní 1944. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: wọ́n á fi rédíò ńlá gba ohùn BBC láti Lọ́ńdọ́nù sí ibùdó kan ní ìlú, wọ́n á fún un lágbára sí i, wọ́n á wá fi wáyà orí òpó pín in dé ilé àwọn tó ń san owó oṣooṣù. Sípíkà lásán ló wà nínú àpótí tí onílé ń rí. Kò lo bátìrì, kò sì nílò iná mànàmáná inú ilé, torí inú wáyà kan náà ni agbára tó ń mú un sọ̀rọ̀ ti ń wá. Ohun tí onílé lè yí kò ju kí ohùn ròkè tàbí kó lọ sílẹ̀.

Ètò yìí rọ ará ìlú lọ́rùn, torí rédíò gidi wọ́n gógó, iná kò sì sí ní ọ̀pọ̀ ilé. Ó rọ ìjọba náà lọ́rùn. Ohun tí ibùdó bá fi ránṣẹ́ nìkan ni etí yín lè gbọ́. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, èyí kì í ṣe ohun kékeré: ẹni tó ní rédíò alára lè yí i kó gbọ́ ohun tí Jámánì ń wí, ṣùgbọ́n ẹni tó ní àpótí kò lè yí i síbì kankan.

Ẹ wá wo orúkọ náà. A-, sọ̀rọ̀, má, gba èsì. Fáwẹ́lì gba ti jẹ, ó di gbèsì. Má inú rẹ̀ ni má inú awáyémákùú. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò sọ pé ohùn rẹ̀ dùn, kò sì sọ pé ó ti ìlú òyìnbó wá. Ohun tó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún un ni pé nǹkan yìí ń sọ̀rọ̀ ní yàrá ẹni, a ò sì lè dá a lóhùn. Láwùjọ Yorùbá, ìkíni gan-an ní ìdáhùn tirẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ tí kò gbèsì, bí kò bá jẹ́ aláṣẹ, aláṣejù ni. Ṣé ẹ rí i pé ìbáwí díẹ̀ wà nínú orúkọ yẹn?

Nigerian Broadcasting Service bẹ̀rẹ̀ ní 1951, ó di Corporation ní 1957. Tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù Kẹwàá ọdún 1959. Nígbà tó yá, rédíò kékeré oníbátìrì dé, àpótí ara ògiri sì kúrò nílé, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ dúró, torí ìwà tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ kò tíì yí padà. Ní ti tẹlifóònù, wáyà tirẹ̀ ń gbèsì lóòótọ́, àmọ́ ilé mélòó ló ní i? Ìjọba dá NITEL sílẹ̀ ní 1985, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìdílé ò rí laini gbà rárá. Nígbà tí GSM wá dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, inú wa dùn, gbogbo wa sì pa wáyà tì. A rò pé ayé wáyà ti tán.

Kò tán o. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi fóònù ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ́nù lónìí kì í gba ojú sánmà lọ tán. Abẹ́ òkun ló ń gbà. Wáyà abẹ́ òkun ti so Èkó mọ́ ìlú òyìnbó láti 1886, nígbà tó jẹ́ pé tẹlígíráàmù nìkan ló ń gbé. MainOne tí wọ́n tẹ́ láti Portugal dé Èkó ní 2010 jẹ́ iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí Funke Opeke dá sílẹ̀, ọmọ Yorùbá tó kẹ́kọ̀ọ́ iná mànàmáná ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀. Ní Ifẹ̀ yẹn kan náà, tí kò jìnnà sí wa, yunifásítì ti ń so kọ̀ǹpútà ọgbà rẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn ọdún 1990, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ibùdó ìmọ̀ físíìsì ICTP tó wà ní Trieste, nílẹ̀ Ítálì.

Wáyà tó yẹ inú ilé wa ni wọ́n ń pè ní Ethernet. Ní 1973, ní ilé ìwádìí Xerox ní Palo Alto, California, Robert Metcalfe àti David Boggs ń wá ọ̀nà tí àwọn kọ̀ǹpútà inú ilé kan ṣoṣo yóò fi máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n kọ́gbọ́n lára ètò ALOHAnet ti Yunifásítì Hawaii, tó ti ń fi rédíò so erékùṣù mọ́ erékùṣù láti 1971. Òfin tí wọ́n ṣe fún wáyà náà dùn mọ́ èmi tí mo fi ọjọ́ ayé mi wo bí ènìyàn ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: fetí sílẹ̀ ná kó o tó sọ̀rọ̀, bí ẹni méjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀, kí àwọn méjèèjì dákẹ́, kí kálukú dúró díẹ̀, kí ìdúró wọn má sì dọ́gba, kí wọ́n tún gbìyànjú. Bí ìpàdé ẹbí tó dáa ṣe rí nìyẹn, àbí? Kò sí ẹ̀rọ tó jẹ́ olórí, kò sì sí èyí tí kò gbọdọ̀ gbèsì.

Ní 1990, wọ́n fọwọ́ sí ìlànà tó jẹ́ kí Ethernet máa gba inú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ onílílọ́ bíi ti tẹlifóònù. Ọgbọ́n lílọ́ wáyà méjì mọ́ra, kí ariwo iná má bàa bà á jẹ́, ti wà láti ọwọ́ Alexander Graham Bell ní 1881. Mẹ́jọ ni wáyà tó wà nínú okùn tòní, wọ́n lọ́ wọn ní méjì-méjì. Gbogbo okùn yàrá á wá pàdé lára ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní switch. Ará Àpòmù kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìyẹn. Ọjà Àpòmù ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ní ayé àtijọ́, kí wàhálà ọjà náà tó dá ogun Òwu sílẹ̀. Switch ni ọjà: ọ̀nà gbogbo já síbẹ̀, ẹrù kálukú sì ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín.

Ẹ ó ní ṣé Wi-Fi ò tó ni? Ẹ wo ilé baba wa ní Ìkirè: ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní àárín, yàrá lọ́tùn-ún lósì, ògiri amọ̀ tó nípọn. Ògiri bẹ́ẹ̀ ń gbé ìtànsán Wi-Fi mì. Bó bá dé yàrá kẹta, ó ti rẹ̀ ẹ́. Bíríkì oníkọnkéré ò sì fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ. Ẹ lu ihò kékeré sára ògiri, kí ẹ fi páìpù oníke bo okùn, torí eku. Ẹ má jẹ́ kó bá wáyà iná rìn pọ̀. Ẹ ra okùn tó jẹ́ bàbà látòkè délẹ̀, torí ọ̀pọ̀ tó wà lọ́jà jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò. Ètò àwọ̀ wáyà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbọ́dọ̀ bára mu ní orí méjèèjì. Ọgọ́rùn-ún mítà ni okùn kan lè gùn mọ, ilé wa kò sì tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ láti ilé kan sí èkejì lẹ́yìnkùlé, ẹ ṣọ́ra fún àrá. Okùn onígíláàsì, tí kì í gbé iná, ló dára níbẹ̀. Iná tí switch kékeré ń jẹ kò ju ti gílóòbù LED lọ, bátìrì kékeré lè gbé e nígbà tí NEPA bá mú iná lọ.

Ohun tó jẹ mí lógún jù wá nìyí. Wáyà inú ilé kò nílò dátà. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá kú, tí owó bá tán lórí káàdì, ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà pálọ̀ ṣì ń dé yàrá ìyá àgbà. Mélòó nínú wa ló ní kásẹ́ẹ̀tì oríkì ìdílé, ohùn bàbá tó ti lọ, ìtàn ìjà ilẹ̀ tí àgbà kan sọ, tó ń bàjẹ́ lọ nínú àpótí? Ẹ gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà ilé. Kí màmá gbọ́ ọ ní yàrá tiwọn, kí wọ́n ní, "Rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣẹlẹ̀," kí ẹ sì gba èsì yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè àti àṣà ní ọgbà UNIOSUN tó wà ní Ìkirè lè bá yín ṣe é. Ohùn àgbà Ìkirè yàtọ̀ sí ohùn àgbà Ìjẹ̀bú. Bí a ò bá gbà á sílẹ̀ nísinsìnyí, kò sí ibi tí a ó ti rà á.

Ayélujára ni àwọn èèyàn wa sọ íntánẹ́ẹ̀tì: ayé ti lu já ara wọn. Ẹni tó sọ ọ́ mọ̀ pé kí yàrá méjì tó lè gbọ́ra, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lu ògiri. Nínú ilé tiwa, ọwọ́ wa ni òòlù rẹ̀ wà, ẹ má dúró de ìjọba.